Bí a ṣe ń mí kí etí tó là sí ìró inú

Ẹni tó bá gun Layípo, ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ sórí Òkè Àrẹ ní 1936, ní kùtùkùtù òwúrọ̀, kò ní kọ́kọ́ gbọ́ ohùn kankan lọ́tọ̀ nínú ìlú Ìbàdàn. Ìró kan ṣoṣo ni gbogbo ìlú ń dún sí i létí, bí omi tó ń hó nínú ìkòkò tí a dé. Ṣùgbọ́n bí ó bá dúró jẹ́ẹ́, tí èémí rẹ̀ tí gígun àtẹ̀gùn ti mú yára sì padà sípò, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: agbèrò tó ń pe èrò Bẹẹrẹ, òòlù ẹni tó ń kan páànù, àkùkọ, ọmọ tó ń sunkún. Ìlú kò yí padà. Èémí rẹ̀ ló rọlẹ̀, tí etí rẹ̀ fi là.

Ohun tí àwọn ará Íńdíà tó ń ṣe yógà, ìyẹn fífi ìjókòó, èémí àti ìfarabalẹ̀ tọ́ ara àti ọkàn sọ́nà, ń pè ní nada yoga kò jìnnà sí èyí. Nada ni ìró. Wọ́n pín ìró sí méjì: èyí tí nǹkan méjì gbọ́dọ̀ kan ara wọn kí ó tó dún, bí kọ̀ǹgọ́ ṣe ń kan awọ gángan, àti èyí tí wọ́n ń pè ní anahata, ìyẹn ìró tí ẹnikẹ́ni kò lù. Wọ́n gbà pé ìró kejì yìí ń dún nínú ènìyàn láìdáwọ́ dúró, àti pé ariwo ayé pẹ̀lú ariwo ọkàn tiwa fúnra wa ni kì í jẹ́ kí a gbọ́ ọ. Mo ti ń ṣe é láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn nínú yàrá mi ní Mọ́kọ́lá, ohun tí mo sì fẹ́ kí ẹ dì mú nínú gbogbo àlàyé tó ń bọ̀ yìí ni pé a kì í lé ìró náà kiri. Èémí ni à ń tọ́jú. Bí èémí bá ti rọ̀, ìró a fúnra rẹ̀ yọjú. Ẹni tó bá sáré dé ibi ìró láìtíì bá èémí rẹ̀ rẹ́, ariwo ara rẹ̀ ni yóò máa gbọ́, yóò sì máa pè é ní ohun tí kì í ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe àjèjì sí ẹni tó ń sọ Yorùbá. Inú mímí ni a ti rí èémí, ibẹ̀ náà ni a ti rí ẹ̀mí, tó fi jẹ́ pé ohun tó ń wọlé tó ń jáde ní ihò imú àti ohun tó mú ènìyàn wà láàyè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà lẹ́nu wa. Prana ní èdè Sanskrit rí bákan náà, nítorí ó jẹ́ èémí, ó sì tún jẹ́ agbára ìyè. Pranayama ni wọ́n sì ń pe títọ́ ọ sọ́nà. Àwọn ìwé yógà àtijọ́ sọ pé ènìyàn ń mí ní ìgbà 21,600 láàárín ọ̀sán kan àti òru kan. Bí ẹ bá pín iye yẹn sí wákàtí 24, ẹ ó rí i pé ìgbà 15 ni ó jẹ́ ní ìṣẹ́jú kan, èyí sì bọ́ sáàárín 12 sí 20 tí àwọn oníṣègùn òde òní ń kà fún àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́. Mo máa ń rò ó pé ẹni tó kọ́kọ́ sọ iye yìí ti jókòó ti èémí rẹ̀ pẹ́, ibẹ̀ náà sì ni ó yẹ kí àwa ti bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ni bóyá Kìrìstẹ́nì tàbí Mùsùlùmí lè ṣe é. Láàárín àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ni ó ti gbilẹ̀, n kò ní fi èyí pamọ́, àwọn ọ̀rọ̀ mímọ́ bí Om sì wà tí wọ́n ń pè mọ́ ọn. Síbẹ̀, ẹni tí kò bá fẹ́ pe ọ̀rọ̀ kankan lè ṣe gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí láìya ẹnu, kí ó sì gba àdúrà rẹ̀ lẹ́yìn náà bí ó ṣe máa ń gbà á.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni àkókò tó dára jù. Àwọn olùkọ́ yógà ní àsìkò kan tí wọ́n ń pè ní brahma muhurta, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó bá ku wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 36 kí oòrùn yọ, tí ó sì máa ń gba ìṣẹ́jú 48. Ní ọjọ́ tí oòrùn bá yọ ní aago 6:30 ní Ìbàdàn, aago 4:54 ni ó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá jí ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ yóò ti fìdí mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó pe ìrun àsùbá, kí àwọn ọlọ́kọ̀ sì tó gba títì. Ẹ jẹ́ kí wákàtí mẹ́ta ó kéré tán ti kọjá lẹ́yìn oúnjẹ, nítorí inú tó kún fún àmàlà kì í jẹ́ kí èémí lọ sísàlẹ̀. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bá ń gbẹ ihò imú, ẹ fi omi tí a ti sè tí ó sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ imú, kí ẹ fi òrí díẹ̀ ra ẹnu ihò rẹ̀.

Ohun kan wà tí n kò ní dẹ ohùn sọ. Ẹ má ṣe ṣe eléyìí nínú yàrá tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé rẹ̀, ìbáà jẹ́ tiyín tàbí ti aládùúgbò. Èéfín rẹ̀ ní carbon monoxide nínú, tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, tí ó sì ń pani. Ẹni tó bá ń mí jinlẹ̀ níbẹ̀ ń pè é wọlé ni. Ẹ dúró di ìgbà tí wọ́n bá pa á, tí afẹ́fẹ́ sì ti gba inú yàrá kọjá.

Ní ti ìjókòó, ẹní àti tìmùtìmù tó, àga náà sì tó fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Ẹ̀yìn ni kí ó nà, kí èjìká wálẹ̀, kí àgbọ̀n má ṣe yọ síwájú. Ẹ gbé ọwọ́ òsì lé ikùn, ní òkè ìdodo díẹ̀, kí ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún lé àyà. Bí ẹ bá ti ń mí, ọwọ́ tó wà lórí ikùn ni ó yẹ kí ó máa gbéra, kí ti àyà fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira rárá. Lára ọ̀pọ̀ nínú wa, òdìkejì ni ẹ ó kọ́kọ́ rí, nítorí wàhálà ojoojúmọ́ ti sọ wá di ẹni tó ń fi òkè àyà mí bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Ẹ má bá a jà. Ẹ kàn máa wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, èémí a sì wá ọ̀nà ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn kan máa ń fi ọkàn pe *so* bí ó ti ń wọlé, wọn a sì pe *ham* bí ó ti ń jáde, torí wọ́n ní ohun tí èémí fúnra rẹ̀ ń sọ nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí èémí tó ń jáde gùn ju èyí tó ń wọlé lọ. Ẹ ka mẹ́rin bí ó ti ń wọlé, ẹ ka mẹ́fà bí ó ti ń jáde. Bí kíkà kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbà mẹ́fà péré ni ẹ ó máa mí ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí èyí ń ṣe fún ara kí ó fi ìka méjì tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ níbi tí iṣan ti ń lù. Yóò rí i pé lílù náà ń yára díẹ̀ nígbà tí èémí ń wọlé, ó sì ń falẹ̀ nígbà tí ó ń jáde. Ohun tó fà á ni vagus, iṣan kan tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ fún ara, tó ti inú orí sọ̀ kalẹ̀ dé ọkàn àti ikùn, tí ó sì máa ń di ọkàn ní ìjánu nígbà tí a bá ń mí síta. Bí ìmísíta bá ṣe gùn tó ni ọkàn ṣe ń rí ìsinmi tó.

Nígbà náà ni a tó lè kan nadi shodhana, ìyẹn fífọ àwọn ọ̀nà èémí. Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ yógà, ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni agbára ìyè ń gbà nínú ara: ida ní apá òsì, tí wọ́n fi wé òṣùpá, pingala ní apá ọ̀tún, tí wọ́n fi wé oòrùn, àti sushumna láàárín, èyí tí wọ́n ní ìró inú ń tipasẹ̀ rẹ̀ là. Ẹ ká ìka ìfábẹ̀là àti ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún sínú àtẹ́lẹwọ́. Ẹ fi àtàǹpàkò dí ihò imú ọ̀tún, kí ẹ mí sínú láti ti òsì. Ẹ fi ìka tí a ń fi òrùka sí dí ti òsì, ẹ ṣí ti ọ̀tún, kí ẹ mí síta níbẹ̀. Ẹ mí sínú láti ọ̀tún kan náà, ẹ dí i, kí ẹ mí síta láti òsì. Ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn, ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún sí ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án, kí ìka má tẹ imú le ju bí ẹni tó di ìyẹ́ adìyẹ mú lọ. Ẹ má ṣe sé èémí mọ́nú. Mo mọ̀ pé àwọn fídíò wà tó ń kọ́ni ní sísé èémí láti ọjọ́ àkọ́kọ́, mo sì ti rí ẹni tí òòyì kọ́ tó fi ṣubú lórí ẹní nítorí rẹ̀. Haṭha Yoga Pradipika, tí Svatmarama kọ ní nǹkan bí ọ̀rúndún 15, sọ pé bí a ṣe ń tu kìnnìún, erin àti ẹkùn lójú díẹ̀díẹ̀ ni kí a ṣe mú èémí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò pa ẹni tó ń ṣe é. Aláboyún, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹni tó ní àrùn ọkàn, ikọ́ fée tàbí wárápá, kò yẹ kí ó sé èémí rárá láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ fọwọ́ sí i.

Ní báyìí a ti dé ibi tí mo fẹ́ràn jù, nítorí ibẹ̀ ni èémí ti ń fa ọwọ́ ìró. Bhramari ni orúkọ rẹ̀, láti ara bhramara, kòkòrò oyin. Ẹ pa ètè dé, kí eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ má kan ara wọn, kí ahọ́n sinmi. Ẹ mí sínú láti imú, kí ẹ wá jẹ́ kí èémí jáde pẹ̀lú kíkùn, ní ohùn ìsàlẹ̀, bí ìyá tó ń kùn fún ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó lè sùn. Ẹ fi ìka kan eegun imú, ẹ ó bá a tó ń gbọ̀n. Bí ẹ bá gbé ohùn ga díẹ̀, gbígbọ̀n náà a gòkè sí iwájú orí. Bí ẹ bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, a bọ́ sí àyà. Ní 2002, Weitzberg àti Lundberg, àwọn olùwádìí ní Swídìn, fi hàn pé nígbà tí ènìyàn bá ń kùn báyìí, nitric oxide tó ń ti imú jáde máa ń tó ìlọ́po 15 èyí tó ń jáde nígbà tí ó bá kàn mí síta wọ́ọ́rọ́wọ́, nítorí kíkùn náà ń mi afẹ́fẹ́ tó wà nínú àwọn ihò inú egungun ojú. Gáàsì yìí ń ran àwọn ọ̀nà èémí lọ́wọ́ láti là.

Ṣùgbọ́n kíkùn nìkan kọ́ ni iṣẹ́ náà. Ẹ wo bí agogo ṣe ń dún: ẹni tó lù ú ti gbé ọwọ́ kúrò, ìró sì ṣì wà, ó ń tín-ín-rín, ó ń jìnnà, títí ẹ kò fi ní lè sọ ibi tí ó ti parí. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe tẹ̀ lé kíkùn tiyín. Nígbà tí èémí bá fẹ́ tán, ẹ má fi ipá fà á gùn. Ẹ jẹ́ kí ohùn kú fúnra rẹ̀, kí etí sì máa bá a lọ. Láàárín ìgbà tí ohùn kú àti ìgbà tí èémí tuntun wọlé, àlàfo kékeré kan wà, tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ. Ẹ tẹ́tí síbẹ̀. Fún oṣù bíi méjì tí mo fi ń ṣe é, n kò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀ ju aago ara ògiri lọ. Ní òwúrọ̀ kan tí òjò ti rọ̀ sórí páànù mọ́jú tí ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mo kùn tán, mo dákẹ́, ìró kan tó tín-ín-rín bí okùn òwú sì ń bá a lọ nínú orí mi, ní apá ọ̀tún, bí ẹni pé ó ti wà níbẹ̀ kí n tó jókòó. N kò mira. Bí mo ti ní kí n mí sínú kíá kí n lè gbọ́ ọ dáadáa ni ó pòórá. Ohun tí ó kọ́ mi ní òwúrọ̀ yẹn ni mo ń kọ́ yín báyìí: ìkánjú inú èémí ni ó lé e. Ẹ kùn ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, kí ẹ jókòó nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, láìṣe ohunkóhun sí èémí.

Nígbà tí èyí bá ti mọ́ yín lára, bóyá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ lè máa dí etí. Shanmukhi mudra, bí ìwé ṣe kọ ọ́, ń fi gbogbo ìka ọwọ́ méjèèjì dí etí, ojú, imú àti ẹnu. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, etí nìkan ni kí ó dí, kí ojú wà ní pípadé, kí imú sì wà ní ṣíṣí. Ẹ má ki ìka bọ ihò etí. Ẹran kékeré kan wà tó yọ sí ẹnu ọ̀nà etí níhà ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òun ni kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ mọ́lẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ ó gbọ́ ìró kan tó ń yí gbirigbiri bí ọkọ̀ ńlá tó ń bọ̀ lókèèrè, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń fò sókè pé àwọn ti gbọ́ ọ. Ẹran ara apá àti ìka yín tó ń ṣiṣẹ́ ni ìró yẹn. Ẹ gbé ìgúnpá méjèèjì lé tábìlì tí a tẹ́ aṣọ sí, kí ọwọ́ lè dẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ bí yóò ṣe lọ sílẹ̀. Ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ máa tẹ́tí sí, níhà etí ọ̀tún gẹ́gẹ́ bí ìwé Svatmarama ṣe sọ.

Ìwé náà to àwọn ìró wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ, orí kẹrin rẹ̀ ni ó sì ti tò wọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n dà bí òkun, bí àrá inú ìkùukùu, bí ìlù ńlá. Ní àárín, bí ìlù olójú méjì, bí ìkarawun òkun tí a ń fọn, bí agogo, bí ìwo. Ní ìparí, bí ṣaworo, bí fèrè, bí vina tí í ṣe ohun èlò olókùn ilẹ̀ Íńdíà, àti bí oyin. Ọmọ Yorùbá tó bá ti dúró ti onídùndún rí mọ ohun tí à ń wí: etí a kọ́kọ́ mú ohùn ìyáàlù, ẹni tó bá sì dúró pẹ́ ni yóò gbọ́ ṣaworo tó yí etí ìlù náà ká. Ìlànà náà ni pé, bí ẹ bá gbọ́ ìró tó nípọn, kí ẹ wá èyí tó tín-ín-rín ju ú lọ lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ bọ́ sórí ìyẹn, kí ẹ sì jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ lọ. Ìwé kan náà fi ọkàn wé oyin tó ń mu omi òdòdó, tí kò bìkítà fún òórùn òdòdó náà mọ́. Ẹ má retí kí gbogbo wọn wá, ẹ má sì retí kí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn bí wọ́n ti tò ó. Èmi kò tíì gbọ́ fèrè rí.

Ó yẹ kí a fi òtítọ́ kún un pé ìró máa ń sọ nínú etí ẹni tí ara rẹ̀ le koko bí ó bá wà níbi tó dákẹ́ rọ́rọ́. Ní 1953, Heller àti Bergman kó 80 ènìyàn tí etí wọn dá ṣáká sínú yàrá tí ariwo kì í wọ̀, 94 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ó sì sọ pé àwọn gbọ́ ìró kan. Nítorí náà, kì í ṣe gbígbọ́ ìró ni ó sọ ènìyàn di ẹni ẹ̀mí. Bí ọkàn bá fara balẹ̀ sórí rẹ̀, tí èrò sì ń dín kù, ibẹ̀ ni yógà wà.

Ní ọdún kan, ibà dá mi dùbúlẹ̀, wọ́n sì fún mi ní quinine. Ní ọjọ́ kejì, etí mi méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ìrẹ̀. Inú mi dùn, mo rò pé ìpele tuntun ni mo dé, mo sì jókòó tì í fún ọjọ́ méjì láìsọ fún ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ n kò gbọ́ ohùn àwọn ará ilé mi dáadáa mọ́. Dókítà ló ṣàlàyé fún mi pé oògùn náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo lò ó tán, ìró náà lọ. Bí mo bá wẹ̀yìn wò ó báyìí, àmì ti wà níbẹ̀: kò yí padà bí èémí mi ti ń rọ̀, ó ń ké lójú ọ̀nà ọjà bí ó ti ń ké lórí ẹní, kò sì jẹ́ kí n sùn. Aspirin púpọ̀ náà lè fa irú rẹ̀, gentamicin sì lè ba etí jẹ́ pátápátá. Bí etí bá ń dún lẹ́yìn oògùn, ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ sọ fún ẹni tó kọ ọ́ fún yín. Bí ó bá jẹ́ etí kan ṣoṣo ló ń dún, tí ìró náà ń lù pẹ̀lú ọkàn, tí òòyì bá a rìn, tí etí ń ṣe ọyún, tàbí tí ẹ kò gbọ́ràn dáadáa mọ́ lójijì, ẹ lọ sí ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun, irú èyí tó wà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn, láìjẹ́ kí ọjọ́ púpọ̀ kọjá. Ẹni tí etí ń dùn kò gbọdọ̀ dí i rárá.

Bí àkókò bá tó, ẹ má fò dìde. Ẹ gbé àtàǹpàkò òsì kúrò ní etí, kí ẹ mí lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ tó gbé ti ọ̀tún. Ẹ jẹ́ kí ariwo àdúgbò wọlé bí ó ti ń bọ̀, láìlé e àti láìpè é lórúkọ, títí èémí yóò fi padà sí bí ẹ ti bá a. Ẹ ní ìwé ìkọ̀wé kan nítòsí, kí ẹ kọ ọjọ́, iye ìgbà tí ẹ kùn, àti ohun tí ẹ gbọ́ sílẹ̀. Bí ẹ kò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ kọ ìyẹn náà. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ ṣí fèrèsé.